Ọmọbìnrin Tí O Lé Kúrò Nídìí Ògiri

Adó-Odò,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Gàníyù Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ara mi le, ilé kò sì jò. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi. Bí mo bá ń kí ọ lọ títí bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, irọ́ ni mò ń pa fún ọ.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí. Láti ìgbà tí mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti lè di kálàmù mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé lẹ́tà rẹ fún akọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gbé e fún un. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò yẹ kí ará ìta gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ibi tí o bá ti rí i pé mo fa igi la ọ̀rọ̀ kọjá, má rẹ́rìn-ín, ìbínú ni.

Lẹ́tà tìrẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka ibi tí o ti ní wọ́n ti sọ ọ́ di fọ́máànù lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀tà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ka ibi tí o ti ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ní kí o máa wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ọjọ́ Sátidé, àwọn tí ó bá fẹ́ di ayàwòrán ilé, tàbí kọ́lékọ́lé, tàbí ẹnjiníà tí ń ṣe afárá. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ Rísíkátù, mo kà á sí i létí. Àwa méjèèjì jó nínú ilé bí ọmọdé. Nígbà náà ni mo ṣí ojú ìwé kejì.

O ní: "Ìyá mi, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ dójú tì mí níwájú agbaṣẹ́ṣe. Mo ní kó gbéra ńlẹ̀, kó lọ máa bá ìyá rẹ̀ pa ilẹ̀ ilé."

Gàníyù, ṣé o mọ ẹni tí o ń kọ lẹ́tà sí? Kí ni iṣẹ́ ìyá tìrẹ? Ta ni ó pa ilẹ̀ ilé, tí ó rẹ́ ògiri láti Adó-Odò dé Ọ̀tà, dé àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Ṣàngó, títí èékánná fi jẹ tán lọ́wọ́ rẹ̀? Mo tún ọ̀rọ̀ náà kà lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ojú mi ni kò ríran dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Síbẹ̀ mo kọ́kọ́ fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní ọmọdé ni, ipò tuntun ló ń gùn ún. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n pè mí wá rẹ́ ilé tuntun kan níhìn-ín, yàrá mẹ́fà. Iṣẹ́ náà ju agbára èmi nìkan lọ, wọ́n bá mi wá arẹ́lé kan láti Ọ̀tà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó kéré sí mi púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. A jọ po amọ̀, a jọ bẹ̀rẹ̀ ògiri kan náà, òun ní apá ọ̀tún, èmi ní apá òsì. Kí ó tó fi amọ̀ kan ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwa arẹ́lé ti ń ṣe, kí a lè mọ̀ bóyá omi ṣì wà nínú ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ wa ti yi, kò mọ òtútù mọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kì í purọ́ fún wa. Inú mi dùn láti rí i.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, Ìyá. Èmi náà sì ti kọ́ ọmọ mi obìnrin." Ó mí kanlẹ̀. "Ì bá dáa ká ní mi ò kọ́ ọ."

"Kí ló dé?"

"Ó gbé e lọ sí sùkúù, ó sì fi gba ẹ̀tẹ́. Fọ́máànù kan ló ń kọ́ wọn nílé kíkọ́ ní Sátidé. Ó kó wọn lọ wo kíláàsì tuntun tí agbaṣẹ́ṣe ń mọ fún sùkúù. Ọmọ mi fẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpele ìsàlẹ̀ yìí ṣì tutù, kò tíì yẹ kí wọ́n gbé òmíì lé e.' Agbaṣẹ́ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ni fọ́máànù bá lé ọmọ mi dànù lójú àwọn ọkùnrin márùn-ún ẹgbẹ́ ẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró lára ògiri. Mo ní, "Ògiri yẹn wá ńkọ́?"

"Ó ti wó, Ìyá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò kan ṣoṣo ni. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, fọ́máànù náà ò pe ọmọ mi padà. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ọmọ mẹ́rin ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tìjọba l'Ékòó, kí wọ́n lọ ṣèdánwò. Ọ̀gá sùkúù ní kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó Sìdíkátù ọmọ mi. Fọ́máànù ni wọ́n fi kíkọ orúkọ sí lọ́wọ́. Ó lóun ò ní kọ tiẹ̀, pé kò nítẹríba. Bàbá ẹ̀ sì ti búra pé bí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó kó ìwé ẹ̀ wálé, kó lọ kọ́ aṣọ rírán, kó múra ilé ọkọ."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ lọ́mọ l'Ọ́tà?"

Gàníyù, mo purọ́. Mo ní n kò ní. Mo ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní ń ta aṣọ l'Ékòó. Ojú tì mí débi pé mo sẹ́ ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, n kò tíì sẹ́ ọmọ mi rí, ìwọ ni o jẹ́ kí n ṣe é.

Kì í ṣe pé o ṣìṣe ni ó ń bí mi nínú. Gbogbo ẹni tí ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ni yóò ṣìṣe. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ògiri wó lójú rẹ, ó gbè sẹ́yìn ọmọ yẹn, ó jẹ́rìí fún un, o sì ṣì lanu sọ pé òun ni kò ní ìtẹríba. Ta ni ìwọ tẹríba fún? Ògiri bá ọ wí, o kò gbọ́. Ọmọ bá ọ wí, o kò gbọ́. Ó wá kù sí èmi. Jókòó, kí o sì kà á dé ìparí, má fún ìyàwó rẹ pé kó bá ọ kà á.

Èkínní, n ó sọ ohun tí n kò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi lọ.

Mo tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mo ń bá ọ̀mọlé kan ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, Bàbá Lámídì ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́wọ́ kan ní kí ó bá òun mọ ilé, ó sì fẹ́ wọ inú rẹ̀ kí ọdún Iléyá tó dé, kí ó lè pa àgbò rẹ̀ ní ojúde tirẹ̀. O mọ bí ilé amọ̀ ti rí: bí a bá mọ ìpele kan, a fi í sílẹ̀ kó jókòó, kó gbẹ, kí a tó gbé èkejì lé e. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, nígbà òjò ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iléyá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá Lámídì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpele lé ìpele lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà tí ó kan àwa arẹ́lé, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri. Ó tutù bí inú àmù. Mo ní, "Bàbá, ògiri yìí ò tíì gbẹ o."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ baba mi? Rẹ́ ẹ jàre. Iṣẹ́ obìnrin ò ju kó dán lọ."

Mo sì rẹ́ ẹ, Gàníyù. Ìbẹ̀rù ló mú mi, ìgbéraga sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo fẹ́ kí ó yìn mí. Mo rẹ́ ẹ nípọn, mo fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, àti omi ewé pa á, mo fi òkúta dán an títí ó fi ń kọ mànà. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yìn mí. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ògiri náà wó lu ọ̀rẹ́ mi Àbẹ̀kẹ́, níbi tí ó ti ń pa ilẹ̀ yàrá. Kò kú. Apá rẹ̀ ọ̀tún ni ó rọ láti ọjọ́ náà, títí tí Ọlọ́run fi pè é, ọwọ́ òsì ni ó fi ń jẹun. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni o máa ń béèrè nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló ṣe apá Ìyá Àbẹ̀kẹ́, èmi a sì ní kí o dákẹ́.

Àwọn àgbà ilé pè wá jọ. Bàbá Lámídì ní ayé ló bá òun jà. Wọ́n bi èmi, wọ́n ní, "Rábíátù, ìwọ lo rẹ́ ẹ, ṣé o rí nǹkan kan?" Mo ní n kò rí nǹkan kan.

N kò rí nǹkan kan! Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ nìyí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, gbogbo yín ẹ mọ ìyẹn, ẹ máa ń sọ ọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé itọ́ ni, tí ó sì fi amọ̀ dídán bò ó mọ́lẹ̀, ta ni yóò sọ tirẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, tí ó sì lanu níwájú agbaṣẹ́ṣe, níwájú fọ́máànù, níwájú àwọn ọkùnrin márùn-ún, tí ó ní ó tutù, ohun tí èmi kò lè ṣe dé ìdí ni ó ṣe. Irú rẹ̀ ni à ń wá kiri. Ìwọ rí i, o lé e.

Fi èyí sí ọkàn: bí o bá kọ́ ọmọ mẹ́wàá bí a ti ń ya ilé sórí ìwé, tí o kò sì kọ́ wọn pé kí wọ́n lè sọ fún ọ̀gá wọn pé "èyí kò dára," akọ́lé-pa-ẹlòmíràn ni o kọ́. Ọ̀gá tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa ṣọ́ orí rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí ó bá kọ́.

Èkejì, o gbọ́dọ̀ fún wọn ní gbogbo ohun tí o mọ̀, kí o má pa ìkankan mọ́ sí abẹ́ àkéte.

Mo gbọ́ pé o ní ìwé ìṣirò kan tí o kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, o ní wọn kò tíì tó o. Ṣé o rí i, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àrùn yẹn ṣe èmi náà rí. Ọmọ iṣẹ́ kan wá bá mi nígbà kan, ó mọṣẹ́ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí pé yóò gba àwọn oníbàárà mi. Mo kọ́ ọ bí a ti ń po amọ̀, mo kọ́ ọ bí a ti ń dán an, n kò sọ iye iyanrìn tí yóò fi sí i kí ó má baà sán fún un. Gbogbo ògiri tí ó dá rẹ́ ló ń sán. Ó rò pé òun ni orí òun kò pé, ó sunkún, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí mo ń wá ẹni tí yóò gun òkè bá mi rẹ́ ibi gíga, n kò rí ẹnìkan. Mo wò yíká, èmi nìkan ṣoṣo ni mo kù nínú ìmọ̀ mi, bí aṣiwèrè nínú ahoro.

Gbé ìwé náà fún wọn. Bí wọ́n bá fà á ya, kí wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta. Kẹ̀kẹ́ rẹ. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé méjì nínú wọn ń pọn omi fún ìyàwó rẹ. Ṣé orí kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò ti kọ́ afárá ṣíṣe? Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má jẹ́ iṣẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n ìyá wọn kò rán wọn wá fọ kẹ̀kẹ́ ní Sátidé, ìyá wọn rò pé wọ́n wà ní ibi ẹ̀kọ́. Bí o bá fẹ́ kí ọwọ́ wọn dọ̀tí, kó wọn lọ sídìí amọ̀. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n mọ ògiri kékeré tí kò ju orúnkún lọ, kí wọ́n mọ ọ́n ní wíwọ́, kí ó wó, kí wọ́n sì sọ fún ọ ìdí tí ó fi wó kí o tó sọ̀rọ̀. Fún wọn ní okùn tí a so òjé mọ́ nídìí, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ojú ń tan ni jẹ, okùn kì í tan ni jẹ. Ẹni tí kò bá gbé búlọ́ọ̀kù rí kò ní mọ ohun tí ó ń rò nígbà tí ó bá ń ya á sórí ìwé. Kí o sì máa ṣọ́ wọn: èyí tí ó ń wo bí ilé ti rí, èyí tí ó ń béèrè ohun tí ó gbé e dúró, èyí tí ó fẹ́ràn kí ó máa wọn ilẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ohun tí o rí lára rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi pè ọ́ wá.

Kí o sì mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ fi méjèèjì tì í dànù. Ọwọ́ wo ló kù?

Ó yẹ kí n kọ ẹ̀kẹrin. Mo ti fi kálàmù sílẹ̀ nídìí rẹ̀ lánàá, mo lọ tan iná, mo sun iṣu tí n kò lè jẹ. Ọ̀rọ̀ Rísíkátù ni.

Ìwọ rò pé orí rẹ ló gbé ọ dé ibi tí o dé. Orí rẹ dára, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fi igi ya ilé sórí ilẹ̀ nígbà náà. Ó máa ń ya yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀, ojú fèrèsé, a sì sọ fún mi pé, "Ìyá, bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn sí ibí, atẹ́gùn á máa wọlé." Mo máa ń fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí n lè gbálẹ̀. Bàbá rẹ ní agbára wa ò gbé ọmọ méjì, mo ní kí ó jẹ́ ọkùnrin. Kì í ṣe bàbá rẹ ló sọ ọ́, èmi ni. Rísíkátù pọn omi fún àwọn ọ̀mọlé láti orí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, omi yẹn ni ó ra ìwé rẹ, òun ni ó ra bàtà tí o fi wọ kíláàsì. Kò bínú sí ọ rí. Kò bínú sí mi lójú mi.

Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, tí a jó, mo ka ojú ìwé kejì náà sí i kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ yẹn ti dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè o, Ìyá. Èmi ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà." Ó dìde, ó lọ ká aṣọ tí ó sá síta.

Ǹjẹ́ o gbọ́, Gàníyù? Mo ti fi ẹsẹ̀ pa ilé ọmọbìnrin kan rẹ́. N kò ní jókòó kí ọmọ tí mo fi omi Rísíkátù tọ́ pa ilé ọmọbìnrin kejì rẹ́.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ fi dá mi lóhùn, èmi ni mo kúkú bí ọ. O ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ta ló wá béèrè àkísà lọ́wọ́ yín? Ògiri ni wọ́n ń béèrè. Àwọn tí ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀, ṣé wọn kì í ṣe àgbà ni?

O tún lè ní òyìnbó tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ l'Ékòó kò ní gba obìnrin, pé kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Jẹ́ kí òyìnbó náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Jẹ́ kí ó mú ìwé ìdánwò ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó rí ohun tí ó gbà, kí ó sì wá wo ojú rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa bá a kọ̀?

O sì lè ní ojú yóò tì ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò tì ọ́. Ojú tì mí fún ọgbọ̀n ọdún, kò pa mí. Ohun tí ó fẹ́ pa mí ni pé n kò sọ ọ́ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ṣì ní etí tí yóò fi gbọ́.

Lọ́jọ́ tí a rẹ́ yàrá tí ó kẹ́yìn tán, n kò lè gbé irọ́ náà délé. Mo sọ fún obìnrin yẹn. Mo ní, "Ìyá Sìdíkátù, fọ́máànù yẹn, èmi ni mo bí i."

Amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Ó fi rẹ́ kọ̀rọ̀ yàrá náà dé òpin, ó dán an, ó ṣan ọwọ́. Mo ti kúnlẹ̀ nígbà náà, èmi àgbàlagbà. Ó fà mí dìde.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Kó má sì wá bẹ èmi náà o. Èmi kọ́ ló lé. Ẹni tó lé ni kó lọ bá." Ó di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. "Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nínú kíláàsì. Tísà bá bi í léèrè ohun tó mọ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún un."

Mo ti sọ ọ́ fún ọ báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Má rán ẹnikẹ́ni, má fi owó tàbí aṣọ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀, má sì pè é sí kọ̀rọ̀ kan kí o sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ojú àwọn ọmọ márùn-ún yẹn ni o ti lé e, ojú wọn ni kí o ti pè é padà. Sọ pé, "Sìdíkátù, ìwọ lo jàre, èmi ni mo ṣìnà." Bí agbaṣẹ́ṣe náà bá wà nítòsí, kí ó gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ó ń lọ. Má sì yọ ọmọ kankan nítorí rẹ̀. Bí àyè kò bá gbà ju mẹ́rin lọ, lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ jọ fi ìṣirò dán gbogbo wọn wò ní gbangba, kí ẹni tí ó bá yege yege. N kò tọrọ ojúure fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni mò ń béèrè.

Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Àkànní, ọmọ tí mo bí tí mo fi rí ojú rere lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ mi, àdúà mi kò kúrò lẹ́yìn rẹ. Kí Ọlọ́run fún ọ ní àlùbáríkà iṣẹ́, kí ó sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ láyọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni ó bí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ tísà tí ó rí bí ìwọ ti rí ní oṣù yìí.

Awakọ̀ tí ó ń gbé ẹrù lọ sí Ọ̀tà ní àárọ̀ ọ̀la ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ wà láàárín fún ọ láti fi ronú. Ní Sátidé èmi fúnra mi ń bọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni n ó wọ̀. N kò ní yà sí ilé rẹ, kí ìyàwó rẹ má se oúnjẹ dè mí. Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń lọ tààrà. Bí mo bá bá Sìdíkátù lórí ìjókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, n ó jókòó sẹ́yìn bí àlejò, n kò ní lanu títí ẹ ó fi parí. Bí n kò bá bá a, yàrá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni n ó kàn lọ. N ó sọ fún un pé èmi ni mo bí fọ́máànù, mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì tíì tó ẹni tí a ń fi ọmọ ọlọ́mọ síkàáwọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tí ìyẹn yóò sọ ọ́ dà nílùú. Mo mọ̀ pé o lè má pè mí ní ìyá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. N ó ṣe é, Gàníyù, n ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Èmi ni,
Rábíátù ìyá rẹ.